Ta Ló Ṣọ́ Iná? Ìtàn Ẹran Bábíkíù Níbi Ìgbéyàwó

Bí ẹ bá ráàyè, ẹ fìdí kalẹ̀ kí á jọ sọ̀rọ̀ nípa ẹran.

Àwọn àgbà ní, "Àyangbẹ ajá dùn, ṣùgbọ́n kí ni a ó máa jẹ kí ajá tó gbẹ?" Òwe yìí ni ó ń dún sí mi létí ní òru ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹfà tí ó kọjá, ní ẹ̀yìnkùlé bàbá àgbàlagbà kan ní àárín ìpínlẹ̀ North Carolina. Aago méjì òru ti kọjá. Èéfín ń ta mí lójú, aṣọ mi ń rùn bí aṣọ ẹni tí ń yan ẹja tà, èjìká ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́wàá sì wà lórí iná tí kò fẹ́ jinná. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni ìgbéyàwó, 120 ènìyàn ni a sì pè. Ọkọ ìyàwó, tí í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa, ti sùn lọ fọnfọn lórí àga.

Ìpàdé wa ti oṣù kẹrin ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa yìí, ọmọ Oǹdó, dìde, ó ní òun ti rí ìyàwó. A pàtẹ́wọ́. Ó ní ọmọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà níhìn-ín ni. A tún pàtẹ́wọ́. Ó wá ní àwọn kò ní gba gbọ̀ngàn, pápá tí ó wà lẹ́yìn ilé bàbá àgbà ìyàwó ni àwọn yóò ti ṣe é. Kò sí aṣọ ẹbí dandan, kò sí alásè tí a ó san owó fún. Ẹran bábíkíù tí àwọn ará ilé yóò fi èéfín yan fúnra wọn ni oúnjẹ ọjọ́ náà. Níbẹ̀ ni àtẹ́wọ́ ti dá.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún dìde. Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé ìgbéyàwó ni o pè wá sí ni, àbí eré inú oko? Oúnjẹ òyìnbó ni ẹran yìí. Kí ni a ó wí fún ìyá rẹ bí wọ́n bá ti Oǹdó dé?" Wọn kò tíì jókòó tí àbúrò wa kan fi fò dìde láti ẹ̀yìn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, oúnjẹ wa gan-an ni! Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e dé ibí." Ariwo ta. Alága lu tábìlì. Nítorí pé ìtàn ni mò ń kọ́, wọ́n ní kí n lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. Mo ti wádìí. Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀gbọ́n wa ṣì í sọ, àbúrò wa náà sì ṣì í sọ. Àárín ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni òótọ́ wà.

Orúkọ àti èròjà

Ẹ jẹ́ kí á mú un láti orí orúkọ. Kí Columbus tó gúnlẹ̀ sí àwọn erékùṣù Karibéánì ní 1492, àwọn onílẹ̀ tí à ń pè ní Taíno ni wọ́n ń gbé ibẹ̀. Wọn a máa to igi sórí òpó lókè iná, wọn a tẹ́ ẹja àti ẹran lé e kí ooru àti èéfín máa gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ilé ìdáná ìyá àgbà rẹ̀ rí, tí ó gbójú sókè wo àjà, mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn ará Sípéènì gbọ́ orúkọ àjà yìí sí barbacoa. Ní 1526, ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé Gonzalo Fernández de Oviedo, ọ̀kan nínú àwọn òpìtàn wọn. Láti ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di bábíkíù. Àwọn kan ní ọ̀dọ̀ Haúsá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, nítorí pé Haúsá ní ọ̀rọ̀ babbake fún nǹkan yíyan lórí iná. Wọ́n jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọra kì í ṣe ìbátan, ìwé ọdún 1526 sì wà nílẹ̀ tí ń jẹ́rìí fún àwọn Taíno.

Bí orúkọ ti jẹ́ ti Taíno, ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Columbus ni ó kó ẹlẹ́dẹ̀ wá ní ìrìnàjò rẹ̀ kejì ní 1493. Hernando de Soto sì kó òmíràn wọ Florida ní 1539. Ẹlẹ́dẹ̀ bí, ó rẹ̀, ó sá wọ igbó, kò sì pẹ́ tí ó fi di ẹran tálákà àti olówó ní gbogbo Gúúsù Amẹ́ríkà.

Ata ńkọ́? Ata tí ó ń ta wá lẹ́nu nílé, ata rodo àti ata ṣọ̀ǹbọ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn 1492 ni ọkọ̀ àwọn Potogí gbé irúgbìn wọn dé etíkun wa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbé àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ní oúnjẹ àjèjì ni bábíkíù kọ́kọ́ yọ ata kúrò nínú ọbẹ̀ rẹ̀ ná.

Àwọn tí wọ́n ṣọ́ iná

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, bábíkíù ti di ọ̀nà tí àwọn olówó Virginia ń gbà ṣe àríyá. George Washington kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1769 pé òun lọ síbi bábíkíù kan ní Alexandria, òun sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án 1793 tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà lélẹ̀, màlúù kan tí ó wọn 500 pọ́ùn ni wọ́n yan fún àwọn àlejò. Kò pẹ́ tí àwọn olóṣèlú fi mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń jẹ ẹran ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ kò ní tètè dìde kúrò nídìí ọ̀rọ̀ olówó ẹran. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdìbò ilé kò ní bá mi jiyàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Washington ni ó gbẹ́ kòtò. Iṣẹ́ bábíkíù nígbà náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀gá. Nígbà tí àsè bá ku ọ̀la, àwọn ẹrú yóò gbẹ́ kòtò gígùn. Wọn yóò gé igi líle, wọn yóò dá iná lọ́tọ̀ títí igi yóò fi di ẹyín iná, wọn yóò sì máa fi ṣọ́bìrì kó ẹyín iná náà sínú kòtò díẹ̀díẹ̀. Wọn yóò na ọ̀pá tútù dábùú kòtò, wọn yóò la ẹran sí méjì, wọn yóò tẹ́ ẹ lé e. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọn yóò máa yí i, tí wọn yóò máa fi aṣọ tí a so mọ́ igi rẹ omi fínígà, iyọ̀ àti ata sí i lára. Bí iná bá pọ̀ jù, ara ẹran yóò jó, inú rẹ̀ yóò wà ní tútù. Bí ó bá kéré jù, ẹran yóò bàjẹ́. Ẹni tí ó bá sùn ti ba iṣẹ́ jẹ́, ẹrú tí ó bá sì ba àsè ọ̀gá jẹ́ mọ ohun tí ń dúró de òun.

A mọ èyí láti ẹnu àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Láàárín 1936 sí 1938, ìjọba Amẹ́ríkà rán àwọn akọ̀wé lọ bá àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti ṣe ẹrú rí, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá Wesley Jones, ará South Carolina. Bàbá yìí ní òun a máa ṣọ́ ẹran mọ́jú, òun a sì máa fi omi ata pa á lára ní gbogbo òru. Ó ka ohun tí ó wà nínú omi ata náà lẹ́sẹẹsẹ: fínígà, ata dúdú, ata pupa, iyọ̀, bọ́tà, àlùbọ́sà, áyù àti àwọn ewé olóòórùn. Nǹkan bí 70 ọdún ti kọjá lẹ́yìn òmìnira, síbẹ̀ kò gbàgbé.

Ibi tí ènìyàn bá ti ń ṣọ́ iná mọ́jú, ọ̀rọ̀ kò ní ṣàìwáyé. Ní 1800, alágbẹ̀dẹ kan tí ń jẹ́ Gabriel, ẹrú ní ẹ̀bá Richmond ní Virginia, dìtẹ̀ láti gba òmìnira fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ibi àpéjọ ẹran yíyan àti ẹja yíyan wà lára ibi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá ènìyàn kún ara wọn. Òjò ńlá àti ọ̀dàlẹ̀ ni ó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Wọ́n yẹgi fún un pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1831, Nat Turner àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ pa ẹlẹ́dẹ̀ kan jẹ nínú igbó ní Southampton, Virginia, kí wọ́n tó gbé ogun dìde ní òru ọjọ́ náà. Ọ̀gá rò pé oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń sè.

Ìgbéyàwó tí òfin kò mọ̀

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ọ̀rọ̀ ìyàwó. Àwọn tí wọ́n ń yan ẹran fún àríyá ọ̀gá kò ní ẹ̀tọ́ sí ìgbéyàwó tiwọn. Ní àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù, òfin kò ka ìgbéyàwó ẹrú sí, nítorí pé ìgbéyàwó jẹ́ àdéhùn, ẹrú kò sì lè ṣe àdéhùn kankan lójú òfin. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá fẹ́ràn ara wọn, wọ́n lè tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá; wọ́n lè fo ìgbálẹ̀ lójú àwọn ènìyàn wọn; ọ̀gá tí inú rẹ̀ bá dùn lè fún wọn ní ẹran láti fi ṣe àsè. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan náà lè ta ọkọ lọ́la, kí ó sì fi ìyàwó sílẹ̀. Àwọn oníwàásù kan mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í sọ pé títí ikú yóò fi yà wọ́n. Wọn a ní títí ikú tàbí ọ̀nà jíjìn.

Ogun abẹ́lé parí ní 1865. Ní oṣù kẹta 1866, ilé aṣòfin North Carolina ṣe òfin pé kí tọkọtaya tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú lọ bá akọ̀wé kóòtù tàbí adájọ́ àdúgbò, kí wọ́n sọ ìgbà tí wọ́n ti ń gbé pọ̀, kí wọ́n san 25 sẹ́ǹtì, kí a sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ àti aya. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà ṣì wà níbi ìpamọ́ títí di òní, mo sì ti wo díẹ̀ nínú wọn nítorí iṣẹ́ mi. Orúkọ ọkùnrin, orúkọ obìnrin, àti iye ọdún. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ẹni tí ó ti gbé ogún ọdún pẹ̀lú obìnrin kan, tí ó ti bá a sin òkú, tí ó ti bá a bímọ, ni ó tò sórí ìlà láti san 25 sẹ́ǹtì kí ìjọba tó gbà pé ìyàwó rẹ̀ ni. Ẹni tí a bá sì ti ta ọkọ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn kò ní ẹni tí yóò bá a tò.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹ̀gbọ́n wa ṣì í sọ. Bí àwọn ọmọ-ọmọ ènìyàn wọ̀nyí bá ń ṣe ìgbéyàwó lóde gbangba, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn yan ẹran ara wọn, kì í ṣe pé owó gbọ̀ngàn ni kò sí. Ìyẹn gan-an ni àsè tí a kò jẹ́ kí àwọn baba wọn jẹ.

Lẹ́yìn òmìnira

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà 1865 ni Ọ̀gágun Gordon Granger mú ìkéde òmìnira dé Galveston ní Texas. Láti 1866 ni àwọn ènìyàn dúdú Texas ti ń fi ọjọ́ náà ṣe ọdún, ẹran bábíkíù sì wà lára olórí oúnjẹ rẹ̀. Àwọn ará Houston tilẹ̀ dáwó jọ ní 1872, wọ́n ra ilẹ̀ éékà 10 kí wọ́n lè ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní lé wọn kúrò; Emancipation Park ni wọ́n ń pè é. Ní 2021 ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo Amẹ́ríkà. Irú kòtò kan náà ni, irú iná kan náà sì ni. Ẹni tí ń jókòó jẹun ni ó yí padà.

Àwọn kan fi iṣẹ́ náà ṣe òwò. Henry Perry, tí a bí ní Tennessee ní 1874, dé Kansas City ní 1907. Ní ọdún kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹran èéfín, ó ń fi bébà ìwé ìròyìn wé e fún àwọn oníbàárà. Nígbà tí ó kú ní 1940, Charlie Bryant tí ó bá a ṣiṣẹ́ ni ó gba ilé ìtajà rẹ̀, Arthur Bryant sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní 1946. Báyìí ni ìlú náà ṣe gba orúkọ kárí ayé. Kí a má sì jẹ gbèsè òótọ́: àwọn alápatà ará Jámánì àti Ṣẹ́ẹ̀kì náà fi ọwọ́ tiwọn kún ẹran èéfín ní Texas.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iná ṣọ́ kò tíì rí àga jókòó sí. Ní ìlú Birmingham, Alabama, ilé oúnjẹ kan wà tí ń jẹ́ Ollie's Barbecue. Òṣìṣẹ́ 36 ni ó ní, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Aláwọ̀ dúdú lè sè é, ó lè gbé e kalẹ̀, ó lè ra tirẹ̀ lójú fèrèsé kí ó gbé e lọ. Kò lè jókòó jẹ ẹ́. Nígbà tí òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú jáde ní 1964, onílé oúnjẹ náà pe ìjọba lẹ́jọ́, ó ní òun kì í ṣe òwò kọjá ìpínlẹ̀ òun, nítorí náà kò yẹ kí òfin ìjọba àpapọ̀ kan òun. Ẹ wo ohun tí ó mú un: ẹran ni. Nínú ọdún tí ó ṣáájú, ó ti ra ẹran tí owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70,000 dọ́là lọ́wọ́ alágbàtà kan tí ó kó o wá láti òde Alabama. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá 1964, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi ẹnu kò pé ẹran tí ó bá ti la ààlà ìpínlẹ̀ kọjá ti fa òfin wọlé. Ní 1968, ilé ẹjọ́ kan náà tún dá àwọn tí wọ́n pe Piggie Park, oníbábíkíù kan ní South Carolina, lẹ́jọ́ láre, ó ní kí wọ́n gba owó agbẹjọ́rò wọn padà. Òfin tí ó jẹ́ kí èmi àti ìwọ lè wọ ilé oúnjẹ lónìí kí á fa àga jókòó, orí ẹran bábíkíù ni a ti dán apá kan rẹ̀ wò.

Ṣé Yorùbá ni ó gbé e wá?

Ó wá ku àbúrò wa. Mo mọ̀ pé inú yín yóò dùn bí mo bá kọ ọ́ pé Yorùbá ni ó kọ́ Amẹ́ríkà ní bábíkíù. N kò lè kọ ọ́. Amẹ́ríkà fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1808. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni Ọ̀yọ́ Ilé túká, tí ogun gba ilẹ̀ wa kan, tí a sì kó àwọn ènìyàn wa lọ rẹpẹtẹ. Bahia ní Brazil àti Kúbà ni ọ̀pọ̀ wọn bá lọ. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú omi sì dé Sàró. Àwọn tí wọ́n ṣọ́ iná ní Virginia àti Carolina, ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gáńbíà, ilẹ̀ Ìgbò, Kóńgò àti Àǹgólà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Ọmọlúwàbí kì í gba oyè ẹlòmíràn wọ̀, ì báà tilẹ̀ jẹ́ ti ìbátan rẹ̀.

Síbẹ̀, a kò ṣàìní ẹni tiwa nínú ìtàn ìgbéyàwó yìí. Ní 1860, ọkọ̀ Clotilda jí ènìyàn bí 110 gbé wọ ẹ̀bá Mobile ní Alabama, nígbà tí òfin ti kọ̀ ọ́ fún ju 50 ọdún lọ. Wíídà ni wọ́n ti gbé wọn, ogun Dàhómì ni ó kó wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Oluale Kossola, tí wọ́n sọ ní Cudjo Lewis. Ìwádìí àwọn òpìtàn tọ́ka sí i pé ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá agbègbè Bantè, ní ilẹ̀ Benin ti òní, ni ó ti wá. Lẹ́yìn òmìnira, òun àti Abile, obìnrin tí wọ́n jọ wá nínú ọkọ̀ náà, fẹ́ ara wọn. Wọ́n ti bímọ kí wọ́n tó sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ó yẹ kí wọ́n gba ìwé ìjọba. Ní 1880 ni wọ́n gbà á. Nígbà tí Zora Neale Hurston lọ bá bàbá yìí sọ̀rọ̀ ní 1927 àti 1928, ó jẹ́ kí ó yé e pé ìwé náà kò fi nǹkan kan kún ìfẹ́ tí ó ti wà nílẹ̀. Ìwé tí Hurston kọ nípa rẹ̀ kò jáde títí di 2018. N kò mọ ẹran tí wọ́n jẹ ní ọjọ́ náà, n kò sì ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn Kossola àti àwọn tí wọ́n tò sórí ìlà ní North Carolina jọ wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà.

Òru ọjọ́ Ẹtì

Ẹ jẹ́ kí á padà sídìí kòtò. Fún àǹfààní ẹni tí ó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, báyìí ni a ṣe ṣe é. Ènìyàn 120, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jẹ ìdá mẹ́ta pọ́ùn kan, 40 pọ́ùn ẹran jíjinná ni. Èjìká ẹlẹ́dẹ̀ a máa dín ní ìdajì lórí iná, nítorí náà 80 pọ́ùn tútù ni a rà: mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn 8 pọ́ùn. Ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ yìí a máa yan odindi ẹlẹ́dẹ̀. Èjìká ni tí àdúgbò bàbá. Igi hickory àti óákù gbígbẹ ni a lò, nítorí pé oje igi páìnì a máa mú ẹran korò. A fi búlọ́ọ̀kù mọ kòtò sókè, a dá iná lọ́tọ̀, a ń kó ẹyín iná sábẹ́ ẹran. Ooru inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jù 225 sí 250 lọ lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Fún àwọn ará wa Mùsùlùmí àti àwọn tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, arákùnrin wa kan tí ó mọ̀ ọ́n ṣe pa ewúrẹ́ méjì àti adìẹ, a sì yan wọ́n lórí iná ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ ọ̀tọ̀ àti pákó ọ̀tọ̀. Ẹ má fi èyí ṣeré.

Ní aago mẹ́jọ alẹ́ ni a gbé ẹran lé iná. Nígbà tí ó fi di aago méjì òru, ooru inú ẹran ti dé 160, ó sì dúró síbẹ̀. Wákàtí kan kọjá, wákàtí méjì kọjá, kò kúrò ní 160. Mo fẹ́ kó iná sí i. Bàbá àgbà ìyàwó, tí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní ẹran ń làágùn ni, òógùn náà ni ó ń mú un tutù, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe ènìyàn. Bí ó bá làágùn tán, yóò máa bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ní bàbá tiwọn ni ó kọ́ wọn, bàbá bàbá wọn sì ni ó kọ́ ẹni yẹn, lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn. N kò béèrè ilẹ̀ tí í ṣe. A jókòó. Ní ìdájí, ooru tún bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Nígbà tí yóò fi di aago mọ́kànlá òwúrọ̀, ó ti kọjá 195, eegun sì ń yọ́ jáde fúnra rẹ̀. A wé wọn, a kó wọn sínú kúlà kí wọ́n má baà tutù kí àlejò tó dé.

Ní ìdájí yẹn ni ìyá ọkọ jáde síta. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti Oǹdó dé, wọn kò sì fi pamọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹran yìí kò dùn mọ́ wọn. Wọ́n wo kòtò, wọ́n wo ọmọ wọn tí ó ń sùn, wọ́n ní, "Ta ló ṣọ́ iná mọ́jú?" Mo nawọ́ sí bàbá. Màmá kúnlẹ̀, wọ́n kí wọn. Bàbá kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ìkúnlẹ̀. Wọ́n dìde fún wọn ní àga. Màmá gbọ́ òórùn ewúrẹ́ tí ń yan, wọ́n ní, "Àsun nìyí ká." Lẹ́yìn náà wọ́n tọ́ omi fínígà àti ata bàbá wò, wọ́n mi orí, wọ́n wọlé lọ gbé ata gígún tí wọ́n gbé ti ilé wá, wọ́n dà á sínú rẹ̀. Bàbá tọ́ ọ wò, wọ́n wúkọ́, omi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kí wọ́n fi kún un. Ata tí ó ti ìhín lọ, ó ti padà dé.

Ìgbéyàwó náà dùn. Màmá kò fi ẹlẹ́dẹ̀ kan ẹnu, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Ewúrẹ́ ni wọ́n jẹ. Ẹ̀gbọ́n wa wá, wọ́n jẹ àwo kan, wọ́n ní kò burú. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú mo rí wọn tí wọ́n ń di òmíràn sínú fọ́ìlì.

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ṣe ìgbéyàwó ní ilẹ̀ yìí, àwọn mìíràn yóò sì fẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe fi ojú tín-ín-rín wo oúnjẹ àna yín, ẹ má sì ṣe sọ ọ́ di tiyín kí ẹ tó béèrè ìtàn rẹ̀. Ohun tí ìyá Oǹdó béèrè ni kí a kọ́kọ́ máa béèrè: ta ló ṣọ́ iná? Bí a bá mọ̀ ọ́n, kí á kí i.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí á rí ìgbéyàwó ara wa jẹ. Ó di ìpàdé tó ń bọ̀. Ire o.